Láti ibo la ti ń ka igun ẹnu páìpù?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ó ti di ọdún méjì tí mo ṣe fúríìdọ́ọ̀mù, mo sì ti gba ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Láfẹnwá. Wọ́n kó páìpù irin 4 íǹṣì, schedule 40, wá fún mi pé kí n gé ẹnu wọn kí wẹ́dà lè jó wọn pọ̀. Bevel 37.5 dígírì ni wọ́n kọ sínú ìwé. Mo lọ túùlù HSS mi sí 37.5, mo tì í wọ ẹnu páìpù lórí léèdì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń kígbe, ojú irin wá rí ṣákaṣàka bí ṣùkù àgbàdo. Mo pa ìyẹn tì, mo yí compound sí 37.5, mo fi túùlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó gé e. Ìyẹn dán, ṣùgbọ́n wẹ́dà ní ó gbòòrò jù, pé ẹlẹ́tíróòdù òun ń tán lọ. Iṣẹ́ stainless ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹ jọ̀ọ́, igun wo ni kí n lọ túùlù sí, họ́dà wo ni kí n sì rà?"

Àbúrò mi, o kú oríire ṣọ́ọ̀bù. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn, torí ó jọ pé ìṣòro méjì ni, bẹ́ẹ̀ orísun kan ni wọ́n ti ń ṣàn wá. Igun mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ yìí: igun tí wẹ́dà fẹ́ rí lẹ́nu páìpù, igun tí compound rẹ ń rìn (ìjókòó túùlù lórí léèdì tí a lè yí sí igun tí a bá fẹ́), àti igun tí o lọ sára túùlù HSS, ìyẹn túùlù irin líle tí a ń fi gíráíńdà lọ. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni ìwé iṣẹ́ sọ. Ìwọ gbé nọ́ńbà rẹ̀, o fi fún àwọn méjì yòókù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti wẹ́dà, torí òun lowó ń bá lọ. Bevel (gẹ̀rẹ́ ẹnu páìpù) 37.5 tí wọ́n kọ, láti ojú ẹnu páìpù ni wọ́n ti ń kà á, ìyẹn ojú tí o gé kó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìdábùú páìpù. Wọn kì í kà á láti ara páìpù tó nà gbọọrọ. Bí o bá dúró sára páìpù tí o ka gẹ̀rẹ́ yẹn kan náà, 52.5 lo máa rí, nítorí méjèèjì gbọ́dọ̀ pé 90. Ẹni tó gbéra ní Láfẹnwá àti ẹni tó gbéra ní Kútọ̀ lè pàdé ní Pánsẹ́kẹ́, ṣùgbọ́n iye ìṣísẹ̀ wọn kò lè dọ́gba. Lórí ọ̀pọ̀ léèdì, òdo compound wà níbi tí compound bá ti dojú kọ chuck, ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ tó di páìpù mú, tó ń rìn gbọọrọ bí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ. Tí o bá yí i sí 37.5 láti ibẹ̀, ara páìpù lo ti ń kà á. Ohun tí wẹ́dà rẹ gbà lọ́wọ́ rẹ ni bevel 52.5.

Wo ohun tí ìyẹn ń jẹ. Ara páìpù 4 íǹṣì schedule 40 (schedule ni òǹkà tí ń sọ bí ara páìpù ṣe nípọn tó) nípọn tó 6.02 mílímítà. A máa ń fi ètè kékeré sílẹ̀ níwájú tí gẹ̀rẹ́ kò kàn, òun ni wọ́n ń pè ní root face, 1.6 mílímítà ni wọ́n sábà ń fẹ́. Ó ku nǹkan bí 4.4 tí gẹ̀rẹ́ máa gbà. Ní 37.5, gẹ̀rẹ́ náà máa wọ ẹ̀yìn lọ ní 3.4 mílímítà. Ní 52.5, ó di 5.8. Ìyẹn ni pé kòtò gẹ̀rẹ́ tí wẹ́dà máa dí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1.7 èyí tó yẹ, lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé ó ń ṣawun sí ẹlẹ́tíróòdù. Ooru tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ tún ń fa páìpù, á máa tẹ̀ ẹ́ wọ́.

Èmi náà ti bọ́ sínú kòtò yìí. Mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá mi ní Ìta-Ọ̀ṣìn nígbà náà, ó rán mi sí ẹnu páìpù méjìdínlógún, mo sì gé gbogbo wọn tán kó tó ti ibi òkú tó lọ dé. Nígbà tó gbé pátákó ìwọ̀n rẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, kò bú mi. Ó ní kí n jókòó, ó ní, "Láti ibo ni wọ́n ti ń kà á?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo méjìdínlógún la tún gé, gígùn páìpù sì dín débi pé a ní láti lọ bá oníṣẹ́ kí a fi owó wa ra òmíràn láti fi dí i. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọkàn tán òǹkà tó wà lára compound mọ́. Pátákó ni mo ń lò.

Pátákó yẹn kò ṣòroó ṣe. Wá páànù tó le díẹ̀. Fa ìlà 100 mílímítà kan, fa òmíràn 77 mílímítà láti ìpẹ̀kun rẹ̀ kí méjèèjì dúró ní igun 90, so orí wọn pọ̀, gé e. Igun tó wà ní ìdojúkọ ìlà 77 yẹn ni 37.5, kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Fún 30 dígírì, 58 ni ìlà kejì máa jẹ́ dípò 77. Tí o bá ti gé ẹnu páìpù tẹ́, ẹ̀gbẹ́ 100 ni kí o gbé lé ojú yẹn, kí orí tó ní igun 37.5 wà níhà òde páìpù. Ìlà gígùn tó dà gẹ̀rẹ́ náà ni compound gbọ́dọ̀ máa bá rìn. Bí òǹkà ẹ̀rọ rẹ bá parí sí 45, tí o rò pé 52.5 kò ṣeé yí sí, pátákó yìí ló máa yọ ọ́.

Mo dárúkọ 30 nítorí pé o máa bá a pàdé. Ìlànà ASME B16.25 ló ni 37.5, ó sì fàyè gba 2.5 sókè tàbí sísàlẹ̀. Páìpù epo àti gáàsì tó tẹ̀lé ìlànà API 5L, 30 ni ilé iṣẹ́ sábà ń gé e sí, ó lè lọ dé 35, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín. Nítorí náà, tí ẹnu kan bá ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú bevel, tí wọ́n ní kí o gé èkejì, gbé pátákó lé èyí tó wá ná, kí o sì bi wẹ́dà bóyá kí o bá a dọ́gba. Páìpù omi onískúrù náà ní irú ẹ̀tàn yìí: 2 íǹṣì ti BSP (skúrù páìpù ti Gẹ̀ẹ́sì) ní eyín 11 nínú íǹṣì kan, igun eyín rẹ̀ 55, ti NPT (ti Amẹ́ríkà) ní 11 àti ààbọ̀, igun rẹ̀ 60. Wọ́n á wọ ara wọn fún ìyípo bíi mélòó kan, wọ́n á sì máa jò títí ayé. Má ṣe fojú wò ó, fi ìwọ̀n eyín wò ó.

Ó kan ìgbọ̀n wàyí. Nígbà tí o lọ túùlù sí 37.5 tí o tì í wọ ẹnu páìpù tààrà, gbogbo etí túùlù ló ń gé lẹ́ẹ̀kan náà. Gẹ̀rẹ́ tó parí ní 3.4 níbùú ní etí tó gùn tó 5.6 mílímítà ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́. Irin fífẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí léèdì kékeré, lórí páìpù tó ṣofo nínú tí ó ń dún bí agogo, kò sí bí kò ṣe ní í gbọ̀n. Kì í ṣe pé irú túùlù bẹ́ẹ̀ kò dára. Ẹ̀rọ alágbèéká tí wọ́n ń dì mọ́ inú páìpù ní pápá, òun gan-an ló ń lò: túùlù rẹ̀ ti ní gẹ̀rẹ́ lára láti ilé, ẹ̀rọ yẹn ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì gbá inú páìpù mú gírígírí. Lórí léèdì tìrẹ, tí o bá máa lò ó rárá, jẹ́ kó jẹ́ fún ìfá ìkẹyìn, dín eré ẹ̀rọ kù sí ìdajì, kí orí túùlù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́, torí bí o bá ṣe ń fa orí rẹ̀ sẹ́yìn ni gẹ̀rẹ́ tó máa gé ń yàtọ̀ sí èyí tí o lọ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni èyí tí o ti bọ́ sí fúnra rẹ: túùlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ń fi imú nìkan gé, compound tí ń rìn lórí gẹ̀rẹ́. Gé ẹnu páìpù tẹ́. Fi carriage, èyí tó ń gbé túùlù rìn lórí bẹ́ẹ̀dì, jẹ wọlé ìdajì mílímítà, dè é pa, fi ọwọ́ yí compound láti ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ bọ̀ sókè, fà á padà, tún jẹ wọlé. Ètè ni kí o máa wọ̀n, má ṣe ka òǹkà carriage, torí pé ara páìpù kì í nípọn dọ́gba: ìlànà gbà á láàyè kó fi 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tí wọ́n kọ. Bí ètè bá nípọn lápá kan tó tín-ínrín lápá kejì, ihò páìpù ló wọ́. Fi bọ́ọ̀, túùlù ìfá inú ihò, fá inú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè yípo, kí o tó tún bọ́ sí gẹ̀rẹ́, má sì fá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Họ́dà, ọ̀pá tó di tíìpù kábáìdì kékeré tí ń gé irin mú, wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé gẹ̀rẹ́ 37.5 ń fẹ́ họ́dà 37.5. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Compound ló ń dá gẹ̀rẹ́, họ́dà kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ kò ní í fara kan irin níbi tí imú túùlù bá ń gbà kọjá. Lọ ra SCLCR. Má jẹ́ kí lẹ́tà yẹn dẹ́rù bà ọ́: S ni pé skúrù ló di tíìpù mú, C àkọ́kọ́ ni pé tíìpù náà ní igun 80, L ni pé họ́dà gbé etí rẹ̀ kalẹ̀ ní 95, C kejì ni pé abẹ́ tíìpù ti ní àyè 7 dígírì, R ni ọwọ́ ọ̀tún. Họ́dà kan yìí á gé ẹnu páìpù tẹ́, á fá òde rẹ̀, á sì bá compound gun gẹ̀rẹ́ láìfara gbún nǹkan kan. Bí ibi tí túùlù ń jókòó lórí ẹ̀rọ rẹ bá gba 16 mílímítà, 1616H09 ni. Bí ó bá gba 20, 2020K09 ni kí o mú, torí ó le jù. Tíìpù rẹ̀ ni CCMT 09T304.

Olùtajà lè fẹ́ fi CNMG lé ọ lọ́wọ́, á ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ ló ń gé, pé etí mẹ́rin ni, tí CCMT ní méjì péré. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ CNMG kò ní àyè kankan lára, họ́dà ni ó ní láti tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ kó tó lè gé, irin sì ń gbà á pẹ̀lú agbára. Lórí ọ̀pá irin líle, lórí ẹ̀rọ ńlá, òun ni mo máa mú. Lórí páìpù tí ara rẹ̀ kò ju mílímítà 6, á ti páìpù sẹ́yìn, páìpù á ta padà, igbe tó o gbọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí kan náà ni mo fi ní 04 ní ìparí nọ́ńbà tíìpù, kì í ṣe 08: imú 0.4 mílímítà kì í ti irin bíi ti 0.8.

Má ṣe yọ họ́dà síta jù. Èyí ni mo ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jà lé lórí lójoojúmọ́. Họ́dà oní-16 kò gbọdọ̀ yọ ju 24 mílímítà lọ. Bí o bá fi ìlọ́po méjì gùn ún síta, kì í ṣe ìlọ́po méjì ló máa fi tẹ̀, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Ọ̀pá bọ́ọ̀ onírin tí o fi ń fá inú páìpù, ìlọ́po mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀ ni òpin. Oní-16 kò gbọdọ̀ yọ ju 64.

Gíga túùlù náà. Imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan àárín páìpù. Fi rúlà tín-ínrín há sáàárín imú túùlù àti òde páìpù, rọra tì í. Bí rúlà bá dúró ṣánṣán, o ti bá a. Bí orí rẹ̀ bá sá lọ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ, túùlù ga jù. Bí orí rẹ̀ bá tẹ̀ wá bá ọ, ó rẹlẹ̀ jù. Lórí páìpù 4 íǹṣì, mílímítà kan tó ga jù ń jẹ dígírì kan péré nínú àyè abẹ́ túùlù. Lórí páìpù ìdajì íǹṣì, tí òde rẹ̀ jẹ́ 21.3, mílímítà kan náà ń jẹ dígírì 5 lé díẹ̀. Nínú 7 tí CCMT ní, mélòó ló kù? Abẹ́ túùlù á bẹ̀rẹ̀ sí í ra irin, kò ní í gé e mọ́.

Má sọ HSS rẹ nù o. Iná wa ní Abẹ́òkúta, o mọ bó ṣe ń ṣe. Bí NEPA bá mú iná nígbà tí kábáìdì ṣì wà nínú irin, chuck á dúró lójijì, etí tíìpù á sì fọ́. HSS ń fara dà á. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú èyíkéyìí, yọ túùlù kúrò lára páìpù kí o tó tan jẹnẹrétọ̀. Fún páìpù irin lásán, lọ HSS kí ojú òkè rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí 12 sí 14 dígírì, kí àyè abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8, kí o sì fi òkúta ọwọ́ pọ́n etí rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá kúrò nídìí gíráíńdà. Etí tó ti ẹnu gíráíńdà jáde ní eyín kéékèèké tí ojú kì í rí.

Eré ẹ̀rọ kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mú iye mítà ìṣẹ́jú kan, sọ ọ́ di ìlọ́po 318, fi mílímítà òde páìpù pín in. HSS lórí irin lásán, mítà 28: páìpù 114.3 á máa yípo bíi 78 ní ìṣẹ́jú kan. Kábáìdì, bẹ̀rẹ̀ láti mítà 100, ìyẹn bíi 278, kí o máa fi kún un bí ẹ̀rọ bá ṣe gbé e.

Dídi páìpù mú ni àwọn ènìyàn ń gbójú fò. Chuck ẹlẹ́nu mẹ́ta tí o fún pa mọ́ páìpù ń sọ ọ́ di onígun mẹ́ta díẹ̀. O gé e tó yípo, o tú u sílẹ̀, ó padà di ohun mìíràn. Gbẹ́ igi líle tàbí irin pẹlẹbẹ kan tó wọ inú páìpù kó ṣe rẹ́gí, kí o sì tì í wọ ibi tí ẹnu chuck ti ń fún un. Bí páìpù bá sì gùn jáde, tí kò lè gba inú ẹ̀rọ kọjá, ó gbọ́dọ̀ ní steady, ìyẹn ohun tó ń gbé páìpù dúró, lábẹ́ rẹ̀ nítòsí ẹnu. Láìsí ìyẹn, gbogbo ohun tí mo sọ nípa họ́dà, asán ni. Èyí tí wọ́n fi gáàsì gé wá, fi gíráíńdà yọ ibi tí iná ti sè ní ẹnu rẹ̀, torí irin ibẹ̀ ti le, á jẹ tíìpù tuntun rẹ láàárín ìyípo àkọ́kọ́.

Stainless tó ń bọ̀ ń fẹ́ ọwọ́ mìíràn. Irin náà ń le sí i níbi tí túùlù bá ti ra á láìgé e. Nítorí náà, má ṣe dá túùlù dúró lójú gẹ̀rẹ́ láti lọ wo nǹkan, má sì máa yí compound ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bẹ̀rù. Ìyípo kan gbọ́dọ̀ gbé e rìn tó 0.1 mílímítà. Etí túùlù gbọ́dọ̀ mú. HSS, mítà 12 ni, ìyẹn 33 péré ní ìṣẹ́jú kan lórí 4 íǹṣì, pẹ̀lú ọ́ìlì tí a pò mọ́ omi tí ń ṣàn sí i láìdá. Tíìpù ti stainless yàtọ̀ sí ti irin lásán: àwọ̀ yẹ́lò àti lẹ́tà M lára páálí ni ti stainless, búlúù àti P ni ti irin. Bí o bá lọ sí Òwódé Onírin l'Ékòó lọ rà á, ní kí wọ́n ṣí páálí, gbé etí kọ̀ọ̀kan sínú oòrùn kí o wò ó, kí o sì yọ skúrù họ́dà tòkúnbọ̀ wo ibi tí tíìpù ń jókòó. Bí ibẹ̀ bá ti jẹ, tíìpù tuntun máa mì. Òkúta gíráíńdà tí o fi lọ irin lásán, má ṣe gbé e kan stainless, eruku irin tó wà lára rẹ̀ ló máa dípẹtà lójú páìpù oníbàárà.

Kí o tó ra tíìpù stainless kankan, bi wọ́n ní schedule páìpù náà. Bí ó bá jẹ́ schedule 10, ara 4 íǹṣì rẹ̀ kò ju 3.05 mílímítà lọ, ọ̀pọ̀ wẹ́dà sì ń jó irú rẹ̀ láìsí gẹ̀rẹ́ rárá, ẹnu tó tẹ́ dáadáa ni wọ́n ń fẹ́. Ó lè jẹ́ pé họ́dà tí o fẹ́ rà fún 4 íǹṣì yìí ti tó o fún méjèèjì. Fún ti ọwọ́ rẹ báyìí, wá páìpù àjákù kan, yí compound pẹ̀lú pátákó, gé ẹnu kan ṣoṣo, kí o gbé e lọ bá wẹ́dà kó fi ìwọ̀n tirẹ̀ wò ó kí o tó kan ìyókù. Àwọn tó ti gbòòrò, má jù wọ́n nù. Wọ̀n gígùn wọn, èyí tó bá ṣì ní mílímítà 6 lé ní gígùn tí oníṣẹ́ fẹ́, a lè tún ẹnu rẹ̀ gé.